Ta Ló Pa Iná, Ta Ló "Off" Rẹ̀?

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù. Àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló gba gbogbo afẹ́fẹ́ kan. Lójijì ni gílóòbù ẹnu ọ̀nà ilé kejì tàn yòò. Kí àgbà kankan tó la ẹnu, àwọn ọmọdé ti hó: "Up NEPA!" Bàbá kan ké láti inú yàrá: "Ẹ tètè lọ off jẹnẹrétọ̀ yẹn o, epo ti wọ́n!" Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé kí wọ́n jẹ́ kí iná ó dúró dáadáa ná kí wọ́n tó on fíríìjì. NEPA tí wọ́n ń hó fún ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Ọdún 2005 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí PHCN, nígbà tí ọdún 2013 sì fi máa parí, ìjọba ti fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ariwo yẹn ni kò kú.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń kọjá lọ níta yóò mi orí. Lójú tirẹ̀, "off" àti "on" kì í dá rìn báyẹn. Ìrù ni wọ́n, "turn" tàbí "switch" ló yẹ kó ṣáájú wọn. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, kò purọ́. Àlàyé tó máa ń tẹ̀ lé e nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì ló kù díẹ̀ káàtó: wọ́n á ní àwọn ọmọ ń fi Yorùbá ronú, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá yéé fi Yorùbá ronú ni Gẹ̀ẹ́sì wọn yóò tò. Ó dà bíi pé òdìkejì rẹ̀ gan-an lòótọ́. Ká ní ẹnì kan jókòó ti àwọn ọmọ náà, tó jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ronú dé ìdí ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe yìí ni kò ní wáyé.

Ẹ wo iná fúnra rẹ̀. Iná ni Yorùbá ń pe èyí tó ń jó igi nídìí àdògán, iná náà ni ti àtùpà, iná náà ni èyí tó ń gba inú wáyà wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "pa", ló sì ń pa gbogbo wọn. Òyìnbó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù ni wọ́n ń "turn off" tàbí "switch off". Bí ilé bá ń jó, àwọn panápaná á wá "put out" iná rẹ̀. Àbẹ́là ni wọ́n ń "blow out", nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ pa. Ọmọ tó gbọ́ "put out" lónìí, tó gbọ́ "turn off" lọ́la, tí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ohun tí Yorùbá kó sábẹ́ "pa" ni Òyìnbó fọ́n káàkiri, yóò pò ó pọ̀ ni. Á kọ ọ́ sínú àròkọ pé àwọn panápaná dé, wọ́n sì "put off the fire". "Put off" wà lóòótọ́, àmọ́ ìpàdé tàbí ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ìyẹn ni pé wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn. Panápaná tó bá "put off" iná ti ní kí onílé fara dà á, kí ilé rẹ̀ ṣì máa jó títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ó tún kù. "The light went off": iná lọ. "The alarm went off": aago ìdágìrì dún gan-an ni, kò lọ síbì kankan. "The milk went off": wàrà ti kan. "The bomb went off": bọ́ǹbù bú gbàmù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Ẹni tó bá ní kí ọmọ há èyí sórí láìṣàlàyé kàn ń dá a lágara.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Samuel Johnson tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀, èyí tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, ti sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń fa ìrù yìí ló ń fún àjèjì ní wàhálà jù lọ. (Kì í ṣe Àlùfáà Samuel Johnson tiwa tó kọ ìtàn Yorùbá. Ọdún 1846 ni wọ́n bí ìyẹn.) Orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, "phrasal verb", kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Logan Pearsall Smith kọ ní ọdún 1925 ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rèé. Olùkọ́ á kọjú sí pátákó, á kọ put across, put aside, put away, put down, put off, put on, put out, put up, put up with, á fi rúlà fa ìlà sí àárín, á kọ ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún. Ẹfun á bo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì máa kà á lákàtúnkà bí ẹni ń ka orin ìlọ́po. Nínú ìdánwò JAMB, 60 ni ìbéèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ 40 ni ti iṣẹ́ mìíràn kọ̀ọ̀kan, irú ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán àwọn ọmọ wò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń há a. Wọ́n á gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò bí ẹni gbé omi sínú ajẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á fi dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń rìn ní méjì-méjì kì í ṣe àlejò nínú èdè Yorùbá rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé gírámà Yorùbá tó kọ ní ọdún 1966. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pè wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, nítorí pé wọ́n máa ń là sí méjì kí ohun tí wọ́n ń bá wí lè ráyè wọ àárín wọn. "Bàjẹ́" ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ìwé ń lò. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ A mọ B mọ̀ pé "Ó bà á jẹ́" ni wọ́n ń wí. Kò ní sọ "Ó bàjẹ́ á" láéláé, bí ẹ fún un ní bisikíìtì odidi páálí kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló mọ "Wọ́n tàn mí jẹ", "Mo gbà ọ́ gbọ́", "Bá mi pa á mọ́", "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ". Kò sí ẹni tó nà án kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbé "turn it off" síwájú ọmọ yìí. Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ sọ "turn off it" kò yàtọ̀ sí ìdí tí kì í fi í sọ "bàjẹ́ á": àárín ni arọ́pò-orúkọ ń jókòó. "Put it off." "Throw it away." "Bring them up." Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ kò pọ̀. Tó bá jẹ́ odidi ọ̀rọ̀-orúkọ ni, Òyìnbó fún un láyè láti jókòó sí àárín tàbí sí ẹ̀yìn, "turn the radio off" tàbí "turn off the radio", nígbà tí Yorùbá kò gbà ju àárín lọ: "Ó ba rédíò jẹ́." Ohun tí ọmọ ní láti kọ́ kò ju ìyàtọ̀ kékeré yẹn lọ, ó ti mọ ìyókù láti orí itan ìyá rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí kì í là. Òyìnbó kì í sọ "rely him on". Yorùbá náà ní irú wọn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn mu tán. Gbójú lé, gbọ́kàn lé, gbẹ́kẹ̀ lé: ìparí ni "lé" wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n gbójú lé ń dúró sí. Gẹ̀ẹ́sì gbé "on" síbẹ̀ gẹ́lẹ́: rely on, count on, depend on. Olùkọ́ tó bá fi "lé" mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ "on" mẹ́ta yìí lórí pátákó kò ní láti tún un sọ.

Orí "ojú" ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Gẹ̀ẹ́sì mú "look", ó ń fi ìrù oríṣiríṣi so mọ́ ọn: look after, look into, look down on, look back, look forward to. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn á rò pé àwọn tó ni èdè náà kàn ń fi àjèjì ṣeré ni. Àmọ́ kí ni Yorùbá fi ojú tirẹ̀ ṣe? Ó bojú wẹ̀yìn, ó fojú di ọ̀tá rẹ̀, ó gbójú fo àṣìṣe ọmọ, ó ń bójú tó ilé, ó ń fojú sọ́nà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́ "fojú sọ́nà" tó lọ wo títì bóyá ẹyinjú ẹnì kan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní ọba wàjà, kò sí ẹni tó ń gbé àkàbà lọ wá a lókè àjà. Ẹni tó ti gbà láti kékeré pé ọ̀rọ̀ lè fi ìtumọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ti bá òmíràn rìn, kò yẹ kí ẹnu yà á pé "look after" kò ní "wo ẹ̀yìn" nínú. "Bójú tó" ni, ojú sì wà nínú àwọn méjèèjì.

"Fojú sọ́nà" yìí gan-an ló lè yanjú àṣìṣe tó máa ń gbẹ̀yìn lẹ́tà ìwáṣẹ́: "I look forward to hear from you." Àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Àlàyé tí ìwé ń ṣe ni pé "to" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe "to" inú "to go", ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì ń fẹ́ lẹ́yìn. Ọmọ á gbọ́, á mi orí, á sì tún kọ "to hear" lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀. Ṣé yóò kọ "Mo ń fojú sọ́nà fún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín"? Etí rẹ̀ kò ní gbà. "Fún gbígbọ́" ni yóò kọ. Ìdí tí Yorùbá fi sọ "gbọ́" di "gbígbọ́" lẹ́yìn "fún" ni ìdí tí Òyìnbó fi sọ "hear" di "hearing" lẹ́yìn "to" yẹn. Fún rírí yín: to seeing you. Fún lílọ: to going. Ohun tí wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́fà gbá mọ́ ọmọ lórí ní sẹ́kọ́ńdírì wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Yorùbá kì í ràn án lọ́wọ́ níbi gbogbo, ó yẹ kéèyàn sọ ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn Yorùbá kò pọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ atọ́kùn ṣe. "Ó rí ìwé náà lórí tábìlì." "Ó mú ìwé náà lórí tábìlì." "Lórí" kò yí padà, "mú" ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìwé náà ti kúrò níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á fi "on" sí ti àkọ́kọ́, á fi "off" tàbí "from" sí ìkejì. Ibẹ̀ ni "He removed the money inside his pocket" ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ra tòmátì lọ́wọ́ ìyá aláta ti ń sọ pé òun rà á "in her hand". Níhìn-ín, olùkọ́ ní láti fi ìyàtọ̀ han ọmọ ni. Kò sì lè fi ìyàtọ̀ han ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún pé kó mẹ́nu kan apá kan nínú ohun méjì tó yàtọ̀.

Àwọn àṣìṣe kan tún wà tí ariwo tí wọ́n ń pa lé wọn lórí ti pọ̀ jù. Emphasize on: "tẹnu mọ́" ló wà nídìí rẹ̀. Discuss about: "sọ̀rọ̀ nípa" ni. Request for: èyí kò tilẹ̀ ní láti ti inú Yorùbá wá, nítorí pé Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń sọ "a request for money" nígbà tí "request" bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n kàn gbé "for" kúrò nígbà tó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ó yẹ kí akọ̀ròyìn mọ̀ wọ́n, ó yẹ kí ọmọ tó ń lọ ṣe WAEC mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa da ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu nínú ìpàdé nítorí "discuss about", nígbà tí gbogbo ilé ti gbọ́ ohun tó ń wí, ìṣe fáàrí ni.

Èyí tó ń yí ìtumọ̀ padà ló yẹ kí wọ́n máa kígbe lé. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ló ti wà ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Kí NMC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, tó gba orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n ní láti fi ẹ̀rí hàn pé àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò IELTS tàbí OET sì ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe é. Wọ́n mọ "vomit", wọ́n mọ "faint", wọ́n mọ "regain consciousness". Ìwé ni wọ́n ti kọ́ wọn. Arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé. Á ní òun "threw up" lóru, ìyẹn ni pé ó bì. Á ní òun "passed out" nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyẹn ni pé ó dákú, kí òun tó "come round", kó tó sọjí. Nàìjíríà sì ni nọ́ọ̀sì ti gbọ́ "pass out" kẹ́yìn: ìwé ni wọ́n ń jáde, agùnbánirọ̀ sì ń lọ sí "passing-out parade" tòun ti fìlà rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni nílé, ìròyìn ìdágìrì ni lọ́hùn-ún. "Take in" náà ńkọ́? Bí ìyá ọkọ bá gbọ́ nílùú Abẹ́òkúta pé ìyàwó "has taken in", á kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run, oyún ti dúró nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé obìnrin kan "was taken in", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbájú-ẹ̀ ti lù ú ní jìbìtì.

Kò túmọ̀ sí pé ti Nàìjíríà ni àṣìṣe nígbà gbogbo. Ní January 2020, àwọn tó ń ṣe Oxford English Dictionary kó ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Danfo àti tokunbo wà nínú wọn. "Flag off", tí gómìnà máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà, wà níbẹ̀, "put to bed" tí àwọn ìyá ń fi kéde pé ìyàwó ti bímọ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ti fìgbà kan rí fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ọmọ. Ẹni tó mọ̀ pé "flag off" jẹ́ ti ilé, tó sì mọ ohun tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀ níta, ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tó kàn mọ̀ pé olùkọ́ òun kórìíra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjọba wọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ó ṣòro láti gbọ́ èyí kéèyàn má rántí Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ yìí wò, wọn kò rẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn tó jókòó sí Àbújá tó ń ṣòfin lónìí kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìwé ìwádìí náà kà.

Òfin ìjọba, bó wù kó yí, kò lè dí olùkọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ láàárín 40 ìṣẹ́jú tó ní. Kó pa put across àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò lójú pátákó. Kó kọ "Ó bà á jẹ́" sí apá òsì, kó kọ "Turn it off" sí apá ọ̀tún, kó wá bi kíláàsì pé kí ni wọ́n rí. Ariwo á sọ, nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló mọ ìdáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí iná bá dé, àwọn ọmọ kan náà á ṣì hó "Up NEPA!", wọ́n á sì sáré lọ off jẹnẹrétọ̀ bí bàbá wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe.